Ọ̀rọ̀ Géètì: Kí Àjọyọ̀ Ẹgbẹ́ Má Di Ẹkún

(Ọ̀rọ̀ tí olùbẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá àwọn alága, akọ̀wé àti akápò sọ níbi ìpàdé wọn)

   

Nígbà tí ẹ rí àwa olùbẹ̀wò tí a dìde, ẹ ó ti máa rò pé ọ̀rọ̀ ìwé owó ni a tún gbé dé: ẹni tí ó yá owó tí kò san, rìsíìtì tí kò pé, akápò tí ó fi owó ẹgbẹ́ sílé mọ́jú. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣì wà nílẹ̀. A ó padà sí wọn lọ́jọ́ mìíràn. Èyí tí a mú wá lónìí kì í sí nínú ìwé owó, ìdí rẹ̀ gan-an sì ni a fi ní láti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ géètì ni.

Ìgbà pínpín ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ti di àṣà nínú ẹgbẹ́ wa pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ọmọ ẹgbẹ́ yóò ti máa dá owó oúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ọdún Kérésìmesì tàbí Iléyá bá súnmọ́, ìgbìmọ̀ yóò ra ìrẹsì, òróró, ẹ̀wà àti gàrí lọ́pọ̀ kí owó rẹ̀ lè dín, wọn yóò sì pín in. Ẹgbẹ́ mìíràn a máa pa màlúù. Yàtọ̀ sí èyí, ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún wà, ìṣílé wà, àjọ̀dún ẹgbẹ́ tí ó pé ọdún 25 wà. Ọjọ́ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Àgbáyé náà wà, tí a ń ṣe ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù keje. Gbogbo rẹ̀ dára. Ẹgbẹ́ tí kò bá jọ jẹ, tí kò jọ mu, kò ní pẹ́ tí yóò fi túká. Ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn bá pé sí, bí ayọ̀ ti wà níbẹ̀ ni ewu náà wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 2024, ní ìlú Ìbàdàn, a ṣètò àríyá fún àwọn ọmọdé ní ọgbà Islamic High School, ní Baṣọ̀run. Àwọn òbí kó ọmọ wọn wá ní kùtùkùtù. Kí ọjọ́ tó kanrí, ayọ̀ ti di ọ̀fọ̀. Ọmọ 35 ni ó kú. Ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn kan náà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín ìrẹsì ní ìlú Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra, ènìyàn 22 kú. Ní ọjọ́ kan náà, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ti fẹ́ pín oúnjẹ ní Maitama ní Àbújá, ènìyàn 10 kú, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ènìyàn 67. Ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2022, ní ìlú Port Harcourt, ènìyàn 31 kú níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ti fẹ́ ta àwọn aláìní lọ́rẹ. Èrò ti dé síbẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù, kí àsìkò tí wọ́n dá tó pé.

A kò wá síbí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Iṣẹ́ ilé-ẹjọ́ ni ìyẹn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé kò sí ogun níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí iná, ilé kò wó. Oore ni wọ́n fẹ́ ṣe. Oore náà ni a fẹ́ ṣe ní ẹgbẹ́ tiwa, ní oṣù tí ó ń bọ̀.

Bí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé: “Àwọn ènìyàn wa kò ní sùúrù,” tàbí “Ojúkòkòrò ni,” tàbí “Ebi ni.” Ebi wà nílùú lóòótọ́, ẹni tí ó bá ní kò sí, kò lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1989, ní pápá ìṣeré Hillsborough, ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èrò fún àwọn tí ó wá wo bọ́ọ̀lù pa. Àpapọ̀ àwọn tí ó kú nítorí rẹ̀ di 97. Kò sí ẹni tí ó ń pín ìrẹsì níbẹ̀. Ní ọdún púpọ̀ ni àwọn kan fi ń sọ pé ìwà àwọn òǹwòran náà ni ó fà á. Ní ọdún 2016, àwọn tí ó jókòó ní ilé-ẹjọ́ láti wádìí ikú náà sọ pé àwọn òǹwòran kò jẹ̀bi. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2022, ní Seoul, olú-ìlú South Korea, ènìyàn 159 kú nínú ọ̀nà tóóró kan tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣe fàájì. Ebi kọ́ ni ó kó wọn lọ síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀sùn sùúrù sílẹ̀, kí a wo bí ikú náà ti ń wá gan-an.

Ọ̀pọ̀ rò pé ṣe ni ènìyàn sáré, tí wọ́n ṣubú, tí a sì tẹ̀ wọ́n pa. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, ìnàró ni wọ́n wà tí wọ́n fi kú. Èémí ni wọn kò rí mí. Kí ènìyàn tó lè mí, àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ráyè fẹ̀. Bí ara ẹlòmíràn bá fún un níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún àti lósì, tí àyà kò ráyè fẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ọmọdé ni ó kọ́kọ́ máa ń kàn, nítorí pé orí rẹ̀ kò ju ìbàdí àgbà lọ, egungun àyà rẹ̀ sì rọ̀.

Àwọn tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èrò ti wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Bí ènìyàn 2 bá dúró nínú rẹ̀, olúkúlùkù lè yí ara padà. Bí wọ́n bá di 4, ara ti ń kan ara. Bí wọ́n bá di 6 tàbí 7, kò sí ẹni tí ó ń dá rìn mọ́. Èrò ti di omi. Bí ó bá ru sọ́tùn-ún, gbogbo wọn á bá a lọ sọ́tùn-ún. Ẹsẹ̀ àwọn kan kò tilẹ̀ ní kan ilẹ̀. Nígbà náà, sùúrù kò wúlò, ariwo kò wúlò. Kòbókò kò tún wúlò rárá, nítorí pé ẹni tí a ń nà kò ní ibi tí yóò gbà.

Ohun kejì ni pé ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò mọ ohun tí ó ń ṣe ẹni tí ó wà níwájú. Ó rí i pé ìlà kò lọ, ó sún díẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn sún díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìwúwo rẹ̀ sì dé orí ọmọ kan lẹ́nu géètì. Kò sí ìkà kan láàárín wọn. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ èrò. Ọwọ́ ẹni tí ó pe èrò ni ó wà.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, àwa náà ní ẹ̀bi tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí, a ó sì sọ ọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan tí a ń bẹ̀ wò, tí ọmọ ẹgbẹ́ ibẹ̀ jẹ́ 180, fẹ́ ṣe pínpín ọdún. Owó wọlé dáadáa lọ́dún náà, inú ìgbìmọ̀ sì dùn. Wọ́n ní kí àdúgbò náà bá wọn yọ̀. Wọ́n ra àpò ìrẹsì 15 lé ti ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n sì ránṣẹ́ sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹni 500 àkọ́kọ́ tí ó bá dé yóò gba kóńgò ìrẹsì kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé ìnáwó ọjọ́ náà ti dé ọwọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú: owó ìrẹsì, owó òróró, owó àtíbàbà, owó àwọn onílù, owó ìtọ́jú àlejò. A ro ó, ó pé. Àṣìṣe náírà kan kò sí níbẹ̀. A fọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tí ó kọ géètì síbẹ̀, àwa náà kò sì bèèrè.

Ní ọjọ́ náà, kí aago méje òwúrọ̀ tó lù, èrò ti kún àgbàlá ẹgbẹ́. Ẹni tí ń ṣọ́ ibẹ̀ rí i pé èrò pọ̀, ó ti géètì kí àwọn mìíràn má bàa wọlé mọ́. Ó rò pé iṣẹ́ rere ni òun ṣe. Àwọn tí ó wà níta ń ti géètì. Àwọn tí ó wà nínú ń tì lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí. Sínú ni géètì náà sì ń ṣí. Nígbà tí ẹni tí ń ṣọ́ ọ fẹ́ ṣí i padà, ara ènìyàn ti dí i.

Ìyá ẹlẹ́kọ kan tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ dúró lórí àtẹ̀gùn ilé ìdáná. Ó rí ọmọkùnrin kan, bí ọmọ ọdún méje, tí orí rẹ̀ ti ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò sì ṣubú, nítorí pé kò sí àyè tí yóò ṣubú sí. Ìyá náà kò kígbe. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ àwọn onílù, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ wà níta, ojú pápá ni a ó ti pín in o. Ẹ máa lọ sójú pápá.” Ó ní kí àwọn ọmọkùnrin méjì ti ẹ̀yìn gbé àpò ìrẹsì kan gba orí ògiri, kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀ kí ojú gbogbo ènìyàn rí i. Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn tí ó jẹ́ bíríkìlà mú òòlù, ó fọ́ ògiri ẹ̀yìn. Àyè ṣí sílẹ̀. Ọmọ náà dákú, ó sì jí. Obìnrin kan kán lápá. Kò sí ẹni tí ó kú. Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa: ọgbọ́n ìgbìmọ̀ kọ́, ọgbọ́n tiwa sì kọ́.

Ní ìpàdé gbogbogbòò tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ ẹgbẹ́ kan dìde, ó bèèrè ẹni tí ó fún bíríkìlà láṣẹ láti fọ́ ògiri ẹgbẹ́, àti ìdí tí owó bíríkì àti sìmẹ́ǹtì fi wà nínú ìnáwó ọdún. Wọ́n ní kí olùbẹ̀wò dá sí i. A sọ pé owó tí ó tọ́ jù lọ tí ẹgbẹ́ náà ná lọ́dún yẹn nìyẹn. A kò sì lè jókòó kí a tó sọ èyí tí ó kù: pé orúkọ wa ni ó wà nísàlẹ̀ ìwé tí kò dárúkọ géètì.

Láti ìgbà náà ni a ti ń ronú sí i. Ohun tí a rí ni pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ohun kan lọ́wọ́ tí àwọn tí ó ń ṣe àríyá fún gbogbo ayé kò ní. Òfin ni ó ní kí a ní in. Ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ni. Àwa mọ iye ènìyàn tí a pè. A mọ orúkọ wọn, a mọ ilé wọn, a mọ ẹni tí ó ti darúgbó àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ewu géètì máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá ṣe ìlérí fún iye ènìyàn tí a kò kà. Ọ̀rọ̀ “ẹni àkọ́kọ́” yẹn ni ìbọn tí ń mú kí ènìyàn sáré. Bí a bá ní ẹni 500 àkọ́kọ́ ni yóò gbà, a ti sọ fún ẹni 501 pé kí ó tì. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ pé, “Ìyá, nọ́ńbà yín ni 74, ìrẹsì yín wà nílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbé e lọ, ẹ wá ní aago mẹ́wàá Thursday,” kí ni yóò mú un sáré?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí pé ìṣirò ni iṣẹ́ wa. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 300. Kí a wá orúkọ ẹnì kan nínú ìwé, kí ó fọwọ́ sí i tàbí kí ó tẹ̀ka, kí ó gba ẹrù rẹ̀, ó tó ìṣẹ́jú 2. Bí tábìlì bá jẹ́ ẹyọ kan, ìṣẹ́jú 600 nìyẹn, wákàtí 10 gbáko. Ẹni tí ó bá rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ yóò tì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ààfáà tàbí pásítọ̀. Bí tábìlì bá di 5, ó di wákàtí 2. Bí a bá sì pín in sí ọjọ́ mẹ́ta, 100 lójúmọ́, tí tábìlì jẹ́ 2 péré, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 40 ni a ó fi parí rẹ̀ lójúmọ́. Owó kò wọ̀ ọ́. Bíbélì kò lòdì sí i, Àlùkùránì kò lòdì sí i.

Ẹnìkan yóò bi wá pé: ará àdúgbò ńkọ́? Ṣé kí a jẹun kí ojú máa wò wá? Rárá o. Lára ìlànà méje tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbogbo àgbáyé fọwọ́ sí ní Manchester ní ọdún 1995, èkeje ni pé kí a bìkítà fún àwùjọ tí a ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe é. Bí wọ́n bá pa àgbò Iléyá, ta ni ó ń pe àdúgbò jọ sẹ́nu ọ̀nà? Inú abọ́ ni wọ́n ń bu ẹran sí, ọmọ a gbé e lọ sílé alájọgbé, a gbé e lọ sílé opó, a gbé e lọ fún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí pàápàá. Ẹ̀bùn ni ó ń lọ bá ènìyàn; ènìyàn kì í wọ́ tọ ẹ̀bùn. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ilé méjì tí ó mọ̀ pé wọ́n ṣe aláìní. Ọmọ ẹgbẹ́ 180, ilé 360. Kí òun fúnra rẹ̀ gbé kóńgò ìrẹsì náà lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kò ní sí ariwo, bóyá kò sì ní sí fọ́tò. Ṣùgbọ́n opó tí kò lè dúró nínú oòrùn, arọ tí kò lè dé géètì, àwọn gan-an tí oore tọ́ sí, yóò rí i gbà.

Bí ó bá wá di dandan pé kí èrò pé jọ, bí irú ìpàdé gbogbogbòò tàbí àjọ̀dún ẹgbẹ́, ohun tí a ń fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ṣe nìyí.

Èkíní, kí a wọn ibi tí a ó lò. Àgbàlá tí ó jẹ́ mítà 12 níbùú àti mítà 10 lóròó jẹ́ ẹsẹ̀ mítà 120. Bí a bá ka ènìyàn 2 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 240 ni ó gbà. Bí a bá pe 600, a ti mọ ohun tí a pè.

Èkejì, kí ẹnu ọ̀nà tí a gbà wọlé yàtọ̀ sí èyí tí a gbà jáde. Kí a ṣí géètì gbayawu, kí a fi okùn dè é mọ́ ògiri, kí kọ́kọ́rọ́ má sí lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gba ẹrù kò gbọ́dọ̀ padà gba àárín àwọn tí ó ń wọlé.

Ẹ̀kẹta, bí ènìyàn bá dé kí àsìkò tó pé, kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n kó ara wọn jọ sẹ́nu géètì títì. Kí a tètè bẹ̀rẹ̀, tàbí kí a fún wọn ní nọ́ńbà, kí wọ́n lọ jókòó lábẹ́ igi.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó dúró síbi gíga kí ó máa wo èrò. Kí ó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́. Kí ó sì ní àṣẹ, tí a kọ sílẹ̀ nínú ìwé ìpàdé, láti dá ohun gbogbo dúró láìbèèrè lọ́wọ́ alága, láìbèèrè lọ́wọ́ àlejò pàtàkì. Bí Ìyá ẹlẹ́kọ ọjọ́ sí bá ti ní láti wá alága kí ó tó sọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni ìtàn tí à bá máa sọ lónìí.

Ẹ̀karùn-ún, kí a fi ọmọdé sílé bí ó bá jẹ́ pé ẹrù ni a fẹ́ pín. Àgbàlagbà, aboyún àti aláìlera, kí a gbé tiwọn lọ sílé fún wọn.

Ẹ̀kẹfà, kí a kọ̀wé sí àgọ́ ọlọ́pàá àti sí ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí, kí wọ́n mọ ọjọ́ àti iye ènìyàn. Kí ọkọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò ní dí mọ́ àárín ọkọ̀ àlejò. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní orílẹ̀-èdè yìí ni 112. Kí a kọ ọ́ sí ara ògiri.

Àwọn ewu mìíràn wà tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nínú ilé tàbí lẹ́bàá fèrèsé, nítorí pé gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́, tí ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Kí a má bu epo sí i nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Kí a má ta àtíbàbà sábẹ́ wáyà iná. Kí a kan èèkàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, bí ìjì bá sì ń bọ̀, kí a kó ènìyàn jáde lábẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ tí a ti sè kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ láìgbóná. Màlúù tí a ó pa, kí dókítà ẹranko ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ẹ̀yin fúnra yín, nítorí pé ẹ ó lọ sí òde ibòmíràn. Bí ẹ bá rí i pé èrò ti ń fún ara yín, tí ẹ kò lè gbé apá sókè, ẹ jáde nígbà tí ọ̀nà ṣì wà. Ẹ má dúró de ìrẹsì. Bí ó bá ti ká yín mọ́, ẹ ká ọwọ́ méjèèjì síwájú àyà bí ẹni tí ó fẹ́ ja ẹ̀ṣẹ́, kí àyà lè ráyè mí. Bí bàtà bá bọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ mú un. Ẹ má bá èrò jìjàkadì. Bí ó bá ru ẹ bá a lọ, bí ó bá rọlẹ̀ ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má pariwo lásán, èémí yín ni ẹ ń ná. Bí ẹnìkan bá dákú, ẹ gbé e lọ síbi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ tú aṣọ tí ó fún un lọ́rùn. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu. Omi yóò wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí ó bá ń mí, ẹ dá a dùbúlẹ̀ fẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá mí, kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n tètè máa tẹ àárín àyà rẹ̀, kí a sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ní ìparí, ohun kan ni a fẹ́ kí ẹ gbé lọ sí ẹgbẹ́ yín. Láti ọdún yìí lọ, bí ìwé ìnáwó àjọyọ̀ bá dé iwájú àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí, a ó wá ojú ìwé kan mọ́ ọn: iye ènìyàn tí a pè, bí àyè ti tóbi tó, ẹnu ọ̀nà mélòó, tábìlì mélòó, orúkọ ẹni tí ó lè dá ohun gbogbo dúró. Bí a kò bá rí i, a kò ní fọwọ́ sí i. Ẹ má bínú sí wa. Ẹ lè sọ pé olùbẹ̀wò ti le jù. A ti fọwọ́ sí ọ̀kan tí ó rọ̀ rí, a sì mọ bí ó ti rí lára.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà ọjà náà. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ìrẹsì ọdún ra pósí ọmọ ẹnikẹ́ni.